"Turn it off" tàbí "turn off it"? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí phrasal verb

Phrasal verb ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bíi "give" tàbí "look" tí ọ̀rọ̀ kékeré kan bíi "up", "off" tàbí "after" bá so mọ́, tí àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń béèrè jù nípa rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo mọ "give", mo mọ "up". Kí ló dé tí "give up" kò fi yé mi?

Ìdáhùn: Torí pé kì í ṣe "give" àti "up" lẹ ń kà mọ́ nìyẹn. Nínú "she gave up", kò sí ẹni tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kò sì sí ohun tó gòkè. Obìnrin náà jáwọ́ ni. Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yẹ "tàn" wò lọ́tọ̀, tó tún yẹ "jẹ" wò lọ́tọ̀, kò lè tibẹ̀ mọ ohun tí "ó tàn mí jẹ" túmọ̀ sí, àfi kó gbá méjèèjì mú pọ̀.

Nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ẹ má lọ wá a lábẹ́ "up". Abẹ́ "give" ni ẹ ó ti rí "give up", "give in" àti "give away". Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni ó ń dà láàmú: nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní 1755, ó ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé ibi tó ṣòro jù fún àjèjì nìyí.

Ìbéèrè: Mo kọ "turn off the light", olùkọ́ ní ó dára. Mo kọ "turn off it", ó fagi lé e. Kí ni ìyàtọ̀?

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. "Turn off the light" tọ̀nà. "Turn the light off" náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ (ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe nǹkan sí) bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ìyẹn "me", "you", "him", "her", "it", "us" tàbí "them", àárín ni ààyè rẹ̀, kò ní ibòmíràn. "Turn it off." "Pick him up." "Write it down." "Throw them away."

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, torí a ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là nílé, ìyẹn èyí tó ń là sí méjì kí àbọ̀ lè wọ àárín. A ń sọ pé "ó ba aṣọ jẹ́", a ń sọ pé "ó bà á jẹ́". Kò sẹ́ni tó máa sọ pé "ó bàjẹ́ aṣọ". Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa kì í yàn: ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ìbáà jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín ló ń wọlé sí. Gẹ̀ẹ́sì ló fún ọ̀rọ̀-orúkọ láyè láti yan ibi tó wù ú. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ kàn fi àbọ̀ sáàárín bí ẹ ti ń ṣe nínú "bà á jẹ́". Fún ọ̀rọ̀ tó ṣeé là, ẹ kò ní ṣì í.

Àyàfi bí àbọ̀ náà bá gùn. "She turned down the offer they made her last week" rọrùn láti gbọ́. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹrù yẹn há sáàárín "turned" àti "down", ẹni tó ń kà á á ti gbàgbé "turned" kó tó kan "down".

Ìbéèrè: Mo wá fi ọgbọ́n yẹn kọ "I will look her after". Wọ́n tún fagi lé e!

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣeé là. "Look after", "look for", "look into", "run into", "come across" àti "take after" kì í gba nǹkan sáàárín: "I will look after her." Ọ̀pọ̀ èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà kì í là: "put up with it", "run out of it", "keep up with them".

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń là? Ìwé atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ti dáhùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wò ó. Bí ẹ bá rí "turn sth off" ("sth" ni "something", nǹkan), ó ń là, torí "sth" ti jókòó sáàárín. Bí ẹ bá rí "look after sb" ("sb" ni "somebody", ẹnì kan), ẹ̀yìn ni àbọ̀ máa ń wà. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbìyànjú láti ki ọ̀rọ̀ bíi "carefully" sáàárín. "She looked carefully into the matter" ṣeé sọ. "She turned quickly off the light" kò ṣeé sọ. Èyí tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè kì í là.

Ìbéèrè: "I look forward to meet you" ńkọ́?

Ìdáhùn: "Meeting." "To" tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn ("preposition"), kì í ṣe "to" tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀-orúkọ dán an wò: "I look forward to the meeting." Bó bá ti bá a mu, "-ing" ló kàn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní "off the light" àti "he didn't pick my call" kò dáa. Gbogbo wa là ń sọ ọ́!

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ó sì máa ń yé àwa tí a jọ ń sọ ọ́. N kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tàbí lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹ dá ìdajì tó sọnù padà: "turn off the light", "he didn't pick up". "Pick" lásán túmọ̀ sí kí a yan nǹkan tàbí kí a ṣà á.

A tún ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ká máa fi ọ̀rọ̀ kékeré síbi tí kò sí. "Return back" kò nílò "back", "discuss about" kò nílò "about", "cope up with" kò nílò "up".

Ìbéèrè: Ọkọ̀ òfuurufú "took off", mo tún "took off" bàtà mi. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ wo àbọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú gbéra láìsí àbọ̀ kankan; bàtà ni àbọ̀ èkejì, ẹ sì bọ́ ọ. Òwò náà lè "take off", ìyẹn ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í búrẹ́kẹ́ lójijì, kò sì ní àbọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lò ó nínú ìwé tó jẹ́ ti iṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣà á lò. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé àti Látìn rọ́ wọnú èdè náà láti ààfin àti ilé ẹjọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì tún yá ọ̀rọ̀ Látìn sí i lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí "postpone" fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "put off", tí "tolerate" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "put up with". Èyí tó ti Látìn wá ló máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ìwé. Síbẹ̀, "carry out" kò ṣàjèjì nínú ìwé ìwádìí. Ẹni tó bá yọ gbogbo wọn kúrò, lẹ́tà rẹ̀ á kàn máa dún bí ìwé àwọn agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè: "Log in" ni àbí "login"?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ yà á: "log in", "set up", "back up". Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ so ó pọ̀: "my login", "the setup", "a backup". Bí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ ọ́ di ohun àná: "logged in" ni ẹ máa kọ, kò sẹ́ni tó ń kọ "logined".