Àánú Tó Ń Pa Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Ní Ibùdó Ìtọ́jú Ẹṣin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibùdó ńlá bíi The Donkey Sanctuary, tí Elisabeth Svendsen dá sílẹ̀ ní 1969, ní òṣìṣẹ́ àti dókítà ẹran tirẹ̀. Àwọn ibùdó kéékèèké kò ní irú ẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ ló ń kó imí, tó ń pọn omi, tó sì ń tọ́jú ẹran tí wọ́n pa tì tàbí tí ẹni tó ni ín ti kú. Èèyàn rere ni wọ́n. Ibẹ̀ gan-an sì ni jàǹbá ti ń wá, torí ohun tí ojú àánú rí pé ó dáa, ikùn ẹran lè má gbà á.

Ẹ má bọ́ ẹṣin tí ebi ti pa yó lọ́jọ́ tó dé

Tí ẹṣin tí egungun ìhà rẹ̀ yọ síta bá dé, ara gbogbo èèyàn á yá gágá láti bu ọkà fún un. Ọkà yẹn lè pa á. Láti ìgbà tí ebi ti ń pa á ni ara rẹ̀ ti ń jẹ ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀. Bí ọkà tó kún fún ṣúgà bá wọlé lójijì, insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, á gbé ṣúgà náà wọ inú ara, ìwọ̀nba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtáṣíọ́ọ̀mù àti magnísíọ́ọ̀mù tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì bá a lọ. Ọkàn àti kíndìnrín á wá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 3 sí 5 kí ẹran náà tó kú, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í ka oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́ sí ohun tó pa á.

Koríko alfalfa gbígbẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: nǹkan bí ìdajì kìlò ní wákàtí 4-4, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ẹṣin àgbà ni ìwọ̀n yìí wà fún, dókítà ẹran ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè jí ní aago 2 òru kó tètè sọ, kí wọ́n lè fi ẹlòmíì sí i.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n ẹṣin wọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ilẹ̀ gbígbẹ ní Áfíríkà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Koríko líle tí kò ní láárí ló bá ikùn rẹ̀ mu, pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tutù yọ̀yọ̀ sì ti lọ́ràá jù fún un. Pòròpórò báálì, ìyẹn igi ọkà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkórè, ló yẹ kó jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀, kí koríko gbígbẹ àti ìwọ̀nba koríko tútù sì kún un. Tí a bá yọ omi inú oúnjẹ kúrò, èyí tó ń jẹ lójúmọ́ kì í ju 1.3 sí 1.8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó wọn kìlò 180, ó ń lọ sí kìlò 2.3 sí 3.2. Àwọn arúgbó tí eyín wọn ti bàjẹ́ kò lè jẹ pòròpórò; oúnjẹ rírọ̀ ni tiwọn.

Téèpù tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹṣin máa ń purọ́ lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí náà ẹ wá tirẹ̀. Tí ó bá sì ti sanra, ẹ má fi ebi pa á kó lè tètè fọn. Ọ̀rá ọrùn àti ìdí rẹ̀ lè má kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé, ìyára náà sì léwu ju ọ̀rá ọ̀hún lọ.

"Ó kàn dákẹ́ lónìí ni"

Tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùyọ̀ǹda-ara, ẹ fi bárò sílẹ̀ kí ẹ lọ wo ẹran náà. Nígbà tí inú bá ń run ẹṣin, á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, á máa wo ìhà rẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Á dúró sí kọ̀rọ̀, á sọ etí sílẹ̀, á sì ti ẹnu bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń jẹun láìgbé ohunkóhun mì. Ẹ yẹ oúnjẹ àárọ̀ wò bóyá ó dín kù lóòótọ́. Ẹ wo imí rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá kéré, tó gbẹ, tí ikun bò ó, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí à ń bẹ̀rù ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní hyperlipaemia. Tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò bá jẹun, ara rẹ̀ á tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe agbára, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ á dà bí ohun tí wọ́n bu wàrà sí, ọ̀rá á bo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Àwọn tó sanra àti abo tó lóyún ló tètè ń mú jù. Eyín tó ń dunni, ìrìn àjò, ilé tuntun tàbí ikú ọ̀rẹ́ lè tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ ní tẹ̀mómítà lọ́wọ́, kí ẹ sì mọ nọ́ńbà ti oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹṣin tí ìgbóná ara rẹ̀ wà ní 38.3 (Celsius) kò ní ibà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í sábà kọjá 36.5 sí 37.8, nítorí náà 38.3 yẹn jẹ́ ibà lára rẹ̀.

Nípa ọ̀rẹ́ pẹ̀lú: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń yan ẹnì kejì, ó sì máa ń mọ́ ọn lára pátápátá. Ẹ má gbé ọ̀kan lọ sílé ìwòsàn kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ gbé àwọn méjèèjì. Tí ọ̀kan bá kú, ẹ jẹ́ kí èkejì dúró ti òkú náà títí á fi kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Olùyọ̀ǹda-ara tó yára gbé òkú lọ kí èkejì má bàa rí i ń ṣe é ní ibi: á máa wá ẹni rẹ̀ kiri, á máa ké, á sì kọ oúnjẹ.

Ẹ̀bùn tí a kò gbọdọ̀ gbà láìwò

Koríko tí ẹ̀rọ gé lágbàlá aládùúgbò máa ń gbóná, á sì máa kan láàárín wákàtí díẹ̀; ó ń fa inú rírun. Búrẹ́dì máa ń di ìṣù lọ́fun. Sugar beet, ìyẹn gbòǹgbò tí wọ́n ti fún ṣúgà rẹ̀, tí a kò bá rẹ ẹ́ sínú omi, á wú nínú ọ̀fun: èyí tó rí róbótó-róbótó nílò nǹkan bí wákàtí 24 nínú omi, àyàfi tí àpò rẹ̀ bá sọ ohun mìíràn.

Koríko gbígbẹ tí ẹnì kan fi tọrẹ ló yẹ kí ẹ fura sí jù. Ewéko olódòdó yẹ́lò kan wà tí wọ́n ń pè ní ragwort. Nígbà tó wà lóko, ó korò, ẹran á yà fún un. Bó bá gbẹ mọ́ koríko, ìkorò rẹ̀ á lọ, oró rẹ̀ á ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì máa bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí àmì. Ẹ tú ìdì kọ̀ọ̀kan wò. Ní pápá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò kó tó so, kí ẹ sì kó o kúrò níbẹ̀.

Ẹran tuntun, àìsàn àti aràn

Ẹ má dá ẹni tuntun pọ̀ mọ́ agbo lọ́jọ́ tó dé. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 3 ni kó fi dá wà, níbi tó ti lè rí àwọn yòókù lókèèrè, tàbí kí a yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá jọ dé. Ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bátà tirẹ̀, òun sì ni kí ẹ tọ́jú kẹ́yìn. Àìsàn strangles, tó ń ran ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́fun, lè fara pamọ́ sínú àpò ẹ̀yìn ọ̀fun ẹran tí imú rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí náà ìwòsójú kò tó. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Oògùn aràn fún gbogbo agbo lóṣooṣù jẹ́ àṣà àtijọ́, ó sì ti sọ àwọn aràn di olóríkunkun sí oògùn. Ẹ kọ́kọ́ fi imí ránṣẹ́ kí wọ́n ka ẹyin aràn inú rẹ̀. Kíkó imí kúrò ní pápá ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí oògùn kò lè ṣe.

Òjò, okùn, àti pátákó

Irun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í da omi nù bí ti ẹṣin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Nàìjíríà débẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni òjò oṣù kọkànlá ń bá jà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ ní ilé tó lè wọ̀ nígbàkigbà. Omi tó tutù nini pàápàá, ó lè kọ̀ ọ́, kó wá di inú rírun. Ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e.

Ẹ má yí okùn mọ́ ọwọ́ láé. Ẹ má so ẹran mọ́ irin géètì tààrà. Òwú tó lè já ni kó wà láàárín, kí ìso náà sì jẹ́ èyí tí ẹ lè fà tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oògùn ìrora tí ẹni àárọ̀ ti fún ẹran, tí ẹni ìrọ̀lẹ́ tún fún un, lè gbẹ́ egbò sínú ikùn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹran, oògùn, ìwọ̀n, aago àti orúkọ ẹni tó fún un sára pátákó kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin. WhatsApp kò tó: ẹnì kan kì í ní dátà. Ìwé ìrìnnà ẹran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí dókítà lè rí i kó tó lo àwọn oògùn kan. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni òfin England ti ní kí gbogbo ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní máíkíróṣíìpù, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, lára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọrùn ẹni tuntun wò pẹ̀lú ẹ̀rọ kí ẹ tó fún un lórúkọ. Ó lè ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀.