Imọ̀ ọ̀pẹ àti àgọ́ Ọmọ Jésù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gé imọ̀ ọ̀pẹ fún àgọ́ Ọmọ Jésù, èyí tí a fi ń ṣàfihàn ìbí Jésù nígbà Kérésìmesì. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Èkìtì kì í ṣeré: èyí tí a bá gé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti máa gbẹ kó tó di Mísà òru ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ẹ fọwọ́ rún un, á dún bí ìwé. Ọjọ́ 22 tàbí 23 ló dáa, kí ẹ ri ìdí rẹ̀ sínú iyanrìn tútù nínú garawa. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ náà rárá, iná kéékèèké oníbátìrì ni kí ẹ lò. Àgọ́ máa wà títí di ọjọ́ Ìrìbọmi Olúwa, àjọ̀dún tó ń parí àkókò Kérésìmesì nínú oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ imọ̀ tó bá gbẹ. Ère Ọmọ Jésù ńkọ́? Ẹ tọ́jú rẹ̀ di Mísà òru kí ẹ tó gbé e sínú àgọ́.