Apá bàálù kékeré tí ó fà sẹ́yìn: níbo ni ojú ìdọ́gba rẹ̀ wà?

Ìbéèrè: Apá bàálù kékeré tí mo fi ọwọ́ mi kàn fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn ní ìdí, níbi tí ó ti so mọ́ ara bàálù, ó fẹ̀ ní 18 ní ṣóńṣó, ṣóńṣó náà sì fà sẹ́yìn ní 12. Mo wọn ìdámẹ́rin ìbú ìdí, ìyẹn 7.5, láti etí iwájú, mo fi ibẹ̀ ṣe ojú ìdọ́gba, mo sì sún bátìrì títí bàálù fi dúró gbọọrọ lórí àmì náà. Síbẹ̀, imú rẹ̀ ń wálẹ̀ ṣáá. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Ìdáhùn: Apá tí ìbú rẹ̀ dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó, tí kò sì fà sẹ́yìn, ni ìwọ̀n yín bá mu. Fún irú tiyín, ẹ kọ́kọ́ wá ìbú kan tí ó lè ṣojú gbogbo apá náà. Ẹ ro 30 lọ́nà 30, 30 lọ́nà 18 àti 18 lọ́nà 18 pọ̀, yóò jẹ́ 1,764. Ẹ fi 48, tí í ṣe àròpọ̀ ìbú méjèèjì, pín in, kí ẹ sì mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó bá jáde. Ìbú aṣojú náà jẹ́ 24.5, ìdámẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 6.1.

Ṣùgbọ́n ìbú aṣojú yìí kò sí ní ìdí apá, ó ti bá apá fà sẹ́yìn. Láti mọ iye tí ó fi fà sẹ́yìn, ẹ fi ìlọ́po méjì 18 kún 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, kí ẹ sì fi 144, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta 48, pín in: 5.5 ni. Ẹ fi 6.1 kún un, ojú ìdọ́gba yóò bọ́ sí 11.6 sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn etí iwájú ní ìdí apá. Àmì yín fi ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sún mọ́ imú jù. Abájọ tí imú fi wúwo.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé 12 yẹn gan-an tọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ tẹ́ bàálù sórí ìwé, kí ẹ sì fa ìlà láti etí iwájú ní ìdí apá lọ sí ìhà ṣóńṣó, kí ìlà náà dábùú ara bàálù gẹ́lẹ́. Àlàfo tí ó wà láti ìlà yìí dé etí iwájú ṣóńṣó, tí ẹ wọ̀n ní ìbámu pẹ̀lú ara bàálù, ni ìfàsẹ́yìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí téèpù tẹ̀ lé kọ́rọ́bọ́tọ́ òkè apá; rúlà tí ó nà tàrà ni kí ẹ lò. Àwọn ewé tí ń mì ní etí ẹ̀yìn apá wà lára ìbú pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kọjá 11.6?

Ìdáhùn: Bí bàálù bá ní ìrù, ẹ lè máa sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dé ìdámẹ́ta ìbú aṣojú, ìyẹn nǹkan bí 8.2; tí ẹ bá fi 5.5 kún un, yóò jẹ́ nǹkan bí 13.7 sẹ́yìn etí iwájú ní ìdí apá. Bí imú bá ti ń ta sókè sódò ní ìwọ̀nba tí ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí, ẹ dá bátìrì padà síwájú.