Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ọ̀rá Inú Oúnjẹ Ọkọ Mi

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọkọ mi, tó ní àìsàn cystic fibrosis, pé kó máa jẹ ọ̀rá dáadáa. Cork ni wọ́n bí i sí, ní Ireland, orílẹ̀-èdè tí àìsàn náà ti pọ̀ jù lọ lágbàáyé tí a bá fi wé iye ènìyàn. Àìsàn àjogúnbá yìí máa ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ki, ó sì máa ń dí ọ̀nà tí omi tó ń da oúnjẹ ń gbà kúrò nínú pancreas. Ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in bá jẹ, ìgbẹ́ ló ń bá lọ bí wọn kò bá gbé Creon, oògùn tó ń bá wọn da oúnjẹ, mì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ìgbà náà fi ń ní kí wọ́n fi bọ́tà, kíríìmù àti ṣíìsì kún oúnjẹ. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í sábà ga lára wọn nígbà náà, ta ni yóò wá máa bẹ̀rù rẹ̀?

Nígbà tí Kaftrio, oògùn tuntun fún àìsàn náà, dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, ọkọ mi sanra, èémí rẹ̀ já gaara, àmọ́ bọ́tà kò dínkù. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 6.3 jáde. Wọ́n fẹ́ kó wà lábẹ́ 5.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn ní, "Yọ epo kúrò pátápátá, omi ni kó o máa fi se gbogbo nǹkan." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, oògùn rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́." Oúnjẹ tó ní ọ̀rá ni wọ́n fi ń lo Kaftrio kí ara tó lè gbà á dáadáa, fítámì A, D, E àti K náà ń fẹ́ ọ̀rá. Mo bá fi iye ọ̀rá sílẹ̀ bó ṣe wà, irú rẹ̀ ni mo pààrọ̀.

Àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì oníbọ́tà àti sọ́séèjì kúrò, óòtì tí mo po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ wọlé. Títọ́ọ̀sì rọ́pò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lálẹ́, píà sì di ẹnìkejì ìrẹsì. Epo pupa ló fa àríyànjiyàn. Kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú, ara igi ló ti wá, ṣùgbọ́n bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀ ló jẹ́ irú tó ń mú LDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, gòkè. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ rírò; òróró ólífì ni mo fi ń dín ata ọbẹ̀.

Ẹ̀wà dára, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo fi í kún oúnjẹ, pẹ̀lú omi púpọ̀, torí ìfun àwọn aláìsàn yìí tètè máa ń dí. N kò dín iyọ̀ kù: òógùn wọn ń kó iyọ̀ jáde lára ju ti wa lọ. Gíréèpù (grapefruit tó jọ ọsàn, kì í ṣe èso àjàrà) kò wọ ilé wa, ó ń mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Creon náà kò dínkù, ọ̀rá ni ọ̀rá ń jẹ́, ìbáà ti inú píà wá. Onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn ló bá wa ṣírò rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e gbé 5.4 jáde, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò sì yẹ̀. A ṣì ń bá a lọ. Black pudding, sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, ti ọjọ́ Sátidé nìkan ni kò gbà kí n fọwọ́ kàn.