Bàtà tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yọ̀ mọ́ lórí àpáta etí òkun

Bí mo bá ti gun àpáta láti ju ìwọ̀ sómi báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa yọ̀, pàápàá níbi tí ewéko omi ti bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú. Ìkejì bó mi lórúnkún.

Kánfáàsì ni mo kọ́kọ́ lò, pàbó ló já sí. Bàtà òjò tún burú jù ú lọ: bí ilà abẹ́ rẹ̀ ti jìn tó, orí ewéko náà ló ń dúró lé, kò kan òkúta rárá.

Ohun tó gbà mí ni bàtà tí wọ́n de irin ṣóńṣó kéékèèké mọ́ nísàlẹ̀. Irin náà ń gún ewéko kọjá, á sì di òkúta mú. Mo so okùn rẹ̀ le dáadáa dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì kọ́kọ́ fi rìn níbi tí omi kò ti jìn. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti wọ̀ ọ́ lọ pẹja, ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Ṣùgbọ́n lórí òkúta dídán tí kò ní ewéko, irin lè yọ̀. Rọ́bà rírọ̀ ló sàn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo irú àpáta tiyín kí ẹ tó rà á. Bí mo bá dé, omi tí kò níyọ̀ ni mo fi ń ṣàn án, kí irin má baà dípẹtà.