Bí Gíà Ọtomátíìkì Píkọ́ọ̀pù Bá Ń Yọ̀: Ohun Tí Ẹ Máa Yẹ̀ Wò Kí Wọ́n Tó Sọ̀ Ọ́ Kalẹ̀

Púpọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń kó iṣu bọ̀ láti Ọ̀kè-Ògùn, tàbí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sílé gàrí, Amẹ́ríkà ló ti wá: Toyota Tacoma, Nissan Frontier, Ford F-150. Ọtomátíìkì sì ni gíà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí gíà bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré tó, ohun tí ẹ máa tètè gbọ́ ni pé “gíà ti lọ, ẹ wá owó òmíràn.” Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀, wáyà tí eku jẹ tàbí bátìrì tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ ṣe bákan náà, àtúnṣe wọn kò sì tó nǹkan kan lára owó gíà.

Ọ́ìlì ló ṣáájú

Ẹ wa ọkọ̀ náà títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá gbé e sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ tẹ bíréékì mọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gíà kan gbogbo ipò rẹ̀ láti P dé L, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o. Ẹ fa géèjì gíà, irin gígùn tí a fi ń wọn ọ́ìlì rẹ̀, yọ, ẹ fi aṣọ tí kì í já nù ún, ẹ tì í wọlé tán, kí ẹ tún fà á yọ. Ibi tí wọ́n kọ HOT sí ló yẹ kí ọ́ìlì dé. Gíà kì í jẹ ọ́ìlì bí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ṣe ń jẹ ẹ́. Bó bá dínkù, ó ń jò níbì kan ni, ẹ wá ibẹ̀.

Tacoma ọdún 1995 sí 2004 ní géèjì yìí, oríṣi ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń pè ní Dexron III ló sì ń lò. Èyí tó jáde láti 2005 kò ní géèjì, oríṣi tí wọ́n ń pè ní WS ni ọ́ìlì tirẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni mẹkáníìkì ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe pa ọ́ìlì méjèèjì pọ̀.

Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí bébà funfun. Bó bá pupa, tó sì mọ́, ara rẹ̀ dá. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì inú gíà, àwọn awo tó ń mú kí gíà di ara mú, ti ń jó. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú rẹ̀, iṣẹ́ ńlá wà níwájú.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ọ́ìlì tó bá rí bí ògì bàbà. Omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Nissan Frontier ọdún 2005 sí 2010 gbajúmọ̀ fún un: ibi tí ọ́ìlì gíà ti ń tutù wà nínú rédíétọ̀, bó bá sán, omi rédíétọ̀ á gba ibẹ̀ wọ gíà, á sì máa tú gọ́ọ̀mù tó di kílọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní Frontier tí gíà rẹ̀ ṣì dára, kó pààrọ̀ rédíétọ̀ náà báyìí, tàbí kó ra kúlà tó dá dúró, tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù, kí wọ́n so ó síwájú rédíétọ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe

Ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ tẹ bíréékì, kí ẹ gbé e láti N sí D. Láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé gíà ti mú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì kò tó tàbí rọ́bà inú gíà ti gan. Èyí tó ń ṣe dáadáa láàárọ̀ tó wá ń yọ̀ lẹ́yìn tó gbóná, inú gíà gan-an ni mo máa fura sí, bí ọ́ìlì bá ti pé. Lára Tacoma àtijọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kébù tó ti ibi tọ̀rọ́tù (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) bọ́ sí gíà: bó bá dẹ̀ jù, gíà á máa yọ̀, bó bá le jù, á máa ta ọkọ̀ nídìí.

Bí ọkọ̀ bá há sórí gíà kan ṣoṣo, tí iná O/D OFF iwájú dírẹ́bà ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló rí àṣìṣe. Kí wọ́n ṣe sìkáànù fún un, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kóòdù àṣìṣe náà. Kóòdù P0700 kàn ń sọ pé àṣìṣe wà ní gíà ni. Kóòdù tó bá tẹ̀ lé e ni kí ẹ bèèrè. Ẹ wo orí bátìrì àti wáyà abẹ́ ọkọ̀ náà. Púlọ́ọ̀gì tí kò ta iná dáadáa sì lè mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n, kí èèyàn máa rò pé gíà ni.

Píkọ́ọ̀pù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, tí kò wá lọ síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́ lójijì: ẹ wo ọ̀pá gíà kékeré, èyí tí ẹ fi ń yan ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin. Bó bá ti bọ́ sí N, bí ẹ tilẹ̀ ń tẹná títí dalẹ́, kò ní mira.

Bó bá dúró sójú ọ̀nà

Ẹ má so okùn mọ́ ọn kí ẹ máa wọ́ ọ lọ pẹ̀lú táyà tó ń yí nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì gíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, gbígbẹ ni inú gíà á máa lọ̀ ara rẹ̀. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n tú pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ti gíà lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ mìíràn.