Ẹ má ra ṣíà ìwakùsà láì béèrè omi: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa olùdókòwò

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú ilé-iṣẹ́ ìwakùsà láì mọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń yọ lóṣooṣù kì í jókòó sí báńkì. Ṣíà ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ rà, Rio Tinto, Glencore àti Anglo American sì wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá inú ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn ń ra tiwọn fúnra wọn lórí fóònù, torí wọ́n gbọ́ pé wúrà ti gbówó lórí, tàbí pé ọkọ̀ oníná kò ṣeé ṣe láìsí bàbà. Wọ́n á wo iye tí wúrà ń lọ, wọ́n á wo èrè ọdún tó kọjá, ó parí. Ẹni tó máa béèrè omi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ àti ibi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń lọ kò wọ́pọ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ ìwakùsà. Wọ́n á lọ òkúta kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti kẹ́míkà kí bàbà tàbí wúrà tó yọ, èyí tó kù á di ẹrẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú sínú adágún ológiri fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wúrà ti tán. Bí omi bá kéré jù, iṣẹ́ dúró. Bó bá pọ̀ jù, kòtò kún, ògiri ya. Ojú-ọjọ́ tó ń yí padà sì ti mú kí méjèèjì wọ́pọ̀ ju bí àwọn tó kọ́ ibẹ̀ ṣe ṣírò rẹ̀ lọ.

Ẹ má fọwọ́ lẹ́rán nítorí ìwé ẹ̀rí

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2019, ní nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, ògiri adágún ẹrẹ̀ kan ya ní ibi tí Vale, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Brazil, ti ń wa irin ní Brumadinho, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Brazil. Àkókò oúnjẹ ni. Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ́fíìsì wọn sì wà ní ìsàlẹ̀ ògiri náà gan-an. Ènìyàn 270 ló bá a lọ. Láti 2016 ni wọn kò ti da ẹrẹ̀ tuntun sínú adágún yẹn mọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó ti sùn ni. Oṣù mẹ́rin péré ṣáájú, ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò TÜV SÜD ti Jámánì ti buwọ́ lù ú pé kò séwu.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ló kọ́kọ́ mú ewu wá. Orí ẹrẹ̀ tí wọ́n ti dà síbẹ̀ ni wọ́n ń mọ ìpele ògiri tuntun lé, bí ẹni ń to òkúta sórí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, títí ó fi ga tó mítà 86. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbé ìwádìí lé lọ́wọ́ sọ ní ìparí 2019 pé omi inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, àti pé òjò ńlá tó rọ̀ ní òpin 2018 tún jẹ díẹ̀ nínú agbára tó kù fún un. Lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ tó dúró bí ilẹ̀ di olómi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ṣíà Vale já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bílíọ̀nù dọ́là bíi 19 ló lọ lọ́jọ́ kan. Ní 2021 ó gbà láti san bílíọ̀nù 37.7 owó real, owó Brazil, fún ìpínlẹ̀ Minas Gerais. SEC, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣi àwọn olùdókòwò lọ́nà nípa ààbò adágún rẹ̀, ó sì san mílíọ̀nù dọ́là 55.9 ní 2023 kí ọ̀rọ̀ náà lè parí.

N kò sọ pé kí ẹ ya ìwé ẹ̀rí dànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wo ẹni tó san owó fún ẹni tó ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹ wá béèrè ohun tí ìwé náà kì í sábà sọ: ta ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ ògiri? Orí kí ni wọ́n mọ ọ́n lé? Òjò tí wọ́n fi ṣírò agbára rẹ̀, ti àsìkò tí wọ́n kọ́ ọ ni, àbí ti ìsinsìnyí?

“Ìdajì péré ni tiwa níbẹ̀”

Brumadinho kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2015, ní ìpínlẹ̀ kan náà, nítòsí ìlú Mariana, adágún ẹrẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Samarco ya. Ènìyàn 19 kú. Ẹrẹ̀ náà wọ odò Doce, ó rin ohun tó ju kìlómítà 600 lọ títí ó fi dé òkun Àtìláńtíìkì. Vale àti BHP, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Australia, ló ni Samarco, ìdajì fún ọ̀kan, ìdajì fún èkejì.

Ẹni tó bá ní ṣíà BHP lè fi ọkàn balẹ̀ nígbà náà pé ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni Samarco lábẹ́ òfin, kí ó lọ jẹ gbèsè ara rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe parí? Kò tíì parí. Ní oṣù Kẹwàá 2024 àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìjọba Brazil fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù 170 owó real, tí a bá ka ohun tí wọ́n ti ná tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kọkànlá 2025 ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn tó lé ní 600,000 ti pe BHP lẹ́jọ́, dájọ́ pé ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. BHP ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹrẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ dé òkun. Ìdájọ́ fi ọdún mẹ́wàá dé Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan, ẹ má fo ojú ewé tí wọ́n to àwọn ilé-iṣẹ́ àjọni sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ ohun tó lè jẹ owó yín.

Ẹ má fi owó ìtanràn díwọ̀n ewu

Ilé-iṣẹ́ Barrick Gold ti Kánádà ń kọ́ ibi ìwakùsà wúrà kan tí wọ́n ń pè ní Pascua-Lama sórí òkè Andes, ní ààlà Chile àti Argentina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè yìnyín tí omi wọn ń sàn lọ bá àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Huasco. Ní 2013 àwọn aláṣẹ Chile rí i pé iṣẹ́ tó yẹ kí ó ṣe láti darí omi kò bá àdéhùn mu. Wọ́n bu mílíọ̀nù dọ́là bíi 16 lé e. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn yẹn lówùúrọ̀ á rẹ́rìn-ín: kí ni 16 mílíọ̀nù lójú Barrick? Ṣùgbọ́n wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró pẹ̀lú. Lọ́dún kan náà, Barrick fi bílíọ̀nù dọ́là 5.1 gé iye tí ó ka Pascua-Lama sí nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ní 2020 ilé-ẹjọ́ àyíká pàṣẹ kí wọ́n ti apá ti Chile pa pátápátá.

Iṣẹ́ ìwakùsà Conga ní Peru náà rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Newmont ti Amẹ́ríkà fẹ́ fi bílíọ̀nù dọ́là 4.8 wa wúrà àti bàbà níbẹ̀, àwọn adágún àdánidá kan yóò sì bá a lọ. Láti 2011 ni àwọn ará agbègbè náà, Cajamarca, ti gba ojú pópó pé omi ni àwọn fẹ́, àwọn kò fẹ́ wúrà. Iṣẹ́ náà dúró.

Àwa tí a mọ odò Ọ̀ṣun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ojú wa ni omi rẹ̀ ṣe di pupa rúsúrúsú nítorí àwọn tí ń wa wúrà kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó fi di pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí àwọn tó wá ṣọdún má mu ún. Odò tí ènìyàn ń bọ, tí ó ń mu, tí ó fi ń sọ ọmọ lórúkọ, kò sí oníṣirò tó lè fi í sí ìlà kan nínú ìwé ilé-iṣẹ́.

Ìṣirò àpapọ̀ ń tan ni

Ilé-iṣẹ́ á kọ ọ́ gàdàgbà pé omi tí òun ń tún lò ti pọ̀ sí i ní gbogbo ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe owó tí a lè fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn. Òjò tó pọ̀ ní Kánádà kò lè gba kòtò tó wà ní aṣálẹ̀ Atacama sílẹ̀. Ẹ wo Escondida ní Chile, ibi ìwakùsà bàbà tó tóbi jù láyé, tí BHP ń darí. Nígbà tó di dandan kí wọ́n fi omi abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, bílíọ̀nù dọ́là 3.4 ni wọ́n ná láti kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, lítà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fa gòkè ju mítà 3,000 lọ. Ìròyìn rere ni fún omi abẹ́ ilẹ̀. Fún olùdókòwò, iná mànàmáná tí yóò máa gbé omi gun òkè títí ayé ti di ara iye owó bàbà náà. Lìtíọ́mù inú bátìrì ọkọ̀ oníná náà, ní Atacama yẹn, omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde sá sí oòrùn kí ó tó yọ. Ẹni tó bá ní òun ra ohun “mímọ́”, kí ó rántí ìyẹn.

Ibi tí iná ti ń wá gan-an yẹ ní bíbéèrè. Ní Zambia, omi ló ń fún wọn ní èyí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná wọn lọ. Nígbà tí ọ̀dá mú kí omi Kariba, adágún ńlá tí wọ́n fi ń pèsè iná, fà gidigidi ní 2024, ibi ìwakùsà bàbà tí kò tíì pàdánù ẹ̀kán omi kan nínú kòtò ara rẹ̀ ní láti wá iná rà láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun.

Òjò pẹ̀lú kò ṣe é fojú rénà

Bí a bá ní ewu omi, ọ̀dá ni ọ̀pọ̀ ń rò. Àwọn tó ní ṣíà kòtò èédú ní Queensland, ní Australia, mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkún-omi tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2010 wọ kòtò lọ́tùn-ún lósì, àwọn ilé-iṣẹ́ sì kọ̀wé sí oníbàárà pé àwọn kò lè mú àdéhùn ṣẹ. Iye èédú tí wọ́n fi ń yọ́ irin fò sókè káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòtò rẹ̀ di adágún, èwo ni yóò tà?

Ewu omi kì í sì í tán ní ibi tí àwọn awakùsà ti kó ẹrù wọn lọ. Ní àgbègbè Krugersdorp ní South Africa, omi kún àwọn kòtò wúrà àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa wọ́n tì, ní 2002 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde sórí ilẹ̀, ó kan, ó sì pọ́n bí ìpẹtà. Nítorí náà ẹ béèrè iye tí ilé-iṣẹ́ ti yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí yóò ti ilẹ̀kùn, àti ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹnu yín kéré

Lẹ́yìn Brumadinho, àpò ìfẹ̀yìntì Ìjọ Áńgílíkà ti England pẹ̀lú àwọn àpò ìfẹ̀yìntì Sweden kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà tó ju 700 lọ: ẹ sọ iye adágún ẹrẹ̀ tí ẹ ní, ibi tí ó wà àti bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ dáhùn. Láti 2020, ìdáhùn wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Global Tailings Portal, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ra sí i. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ “upstream” sí, irú ti Brumadinho nìyẹn. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ béèrè bóyá ó mọ ìdí.